Mímúra Sílẹ̀ fún Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Iṣẹ́ IT Support Nígbà Tí Ìmọ̀ Ò Tíì Kún

Ìkéde iṣẹ́ IT support tó kéré jù lọ lè béèrè nǹkan mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà: Windows, nẹ́tíwọ̀kì, àtúnṣe printer, Active Directory, Microsoft 365, ìmọ̀ nípa ààbò, ìwé ẹ̀rí CompTIA A+, ìrírí ọdún méjì, ẹnu tó dùn, àti ọkàn tí kì í tètè dàrú. Ọ̀dọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Ẹdẹ tàbí Ìrèé, tó padà wá sílé sí Gbọ̀ngán, Ìkirè tàbí Àpòmù, á kà á tán, á rí i pé mẹ́rin péré lòun lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, á sì jáwọ́. Ẹlòmíì á kọ̀wé, wọ́n á pè é, á wá fi gbogbo ọjọ́ tó kù máa há ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ sórí, tí yóò fi dé iwájú àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè pẹ̀lú orí tó kún fún ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Àṣìṣe ni mo ka méjèèjì sí, ibì kan náà ni wọ́n sì ti wá. Àwọn méjèèjì gbà pé iye ohun tí èèyàn mọ̀ ni wọ́n fẹ́ wọ̀n. Ní ti iṣẹ́ àkọ́wọ̀ nínú ẹ̀ka yìí, bí o ṣe ń wá ìdí àbùkù, àti bí o ṣe ń sọ òótọ́ nípa ibi tí ìmọ̀ rẹ mọ, ló máa ń wúwo jù nínú ìdájọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nínú orí yìí nìyẹn, torí bí o bá gbà á, ọ̀nà tí wàá gbà múra yóò yàtọ̀ pátápátá.

Kí a kọ́kọ́ wo ibi tí iṣẹ́ náà wà, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé Èkó nìkan ni. Ní 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò UTME, nígbà tó sì di 2015, wọn ò lo bébà àti pẹ́ńsù mọ́. Láti ìgbà náà ni ilé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, tí à ń pè ní CBT, ti di ohun tí à ń rí káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa. Gbogbo wọn ló nílò ẹni tí yóò so kọ̀ǹpútà mọ́ server, tí yóò sì mọ ohun tó kàn bí ogún nínú wọn bá dákẹ́ lójijì láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò. Ní 2013 kan náà ni ìjọba Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama àgbà. Nígbà ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní 16 Oṣù Keje 2022, ẹ̀rọ BVAS ni INEC fi yẹ àwọn olùdìbò wò. Àjọ náà sì máa ń gba òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RATECH, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dúró ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Fi ibùdó UNIOSUN tó wà ní Ìkirè kún un, fi Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kún un, fi báǹkì kéékèèké àti ńláńlá láti Òṣogbo dé Ìbàdàn kún un. Ohun kan ló pa gbogbo wọn pọ̀: nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, èèyàn ló wà lórí ìlà tó ń retí. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tí yóò dá iṣẹ́ padà sójú ọ̀nà láìba ohun mìíràn jẹ́.

Ẹ̀rí wà fún èyí ju èrò ọkàn lọ. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, Frank Schmidt àti John Hunter, kó àbájáde ìwádìí ọdún 85 jọ kí wọ́n lè mọ ohun tó ń fi hàn ṣáájú pé ẹni tí a fẹ́ gbà yóò mọ iṣẹ́ ṣe. Lórí ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 tó sì parí sí 1, iye ọdún tí èèyàn fi jókòó nílé ẹ̀kọ́ gba 0.10, iye ọdún ìrírí sì gba 0.18. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ti ń bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè kan náà lẹ́sẹẹsẹ gba 0.51, nígbà tí kí èèyàn ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lójú ẹni gba 0.54. Ní 2022, Paul Sackett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà yẹ̀ wò, wọ́n ní àwọn ti ìṣáájú ti bù ú pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n ṣe lọ sílẹ̀ díẹ̀: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó lẹ́sẹẹsẹ bọ́ síwájú pẹ̀lú 0.42, ìdánwò ìmọ̀ iṣẹ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú 0.40, ṣíṣe iṣẹ́ lójú ẹni gba 0.33. Iye ọdún ìrírí wá di 0.07, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òfo. Nínú ìṣirò méjèèjì, iye ọdún tí ìkéde ń pariwo lé lórí ló wà lẹ́yìn, ohun tí o lè ṣe tí o sì lè ṣàlàyé níwájú ẹni ló wà níwájú. Ṣùgbọ́n má fojú fo 0.40 yẹn o. Ìmọ̀ iṣẹ́ ṣì wúwo. Àwọn nọ́ńbà yìí kò sọ pé kí èèyàn máa lọ láìmọ nǹkan kan, wọ́n ń sọ pé ìmọ̀ tí a lè fi ṣiṣẹ́ ni kí a kó jọ, kí a má fi iye ọdún dá ara wa lẹ́rù.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé àwọn agbanisíṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ò ka ìwádìí Amẹ́ríkà kankan kí wọ́n tó kọ ìrírí ọdún méjì sínú ìkéde wọn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ilé iṣẹ́ wà tí wọ́n máa ń yọ ẹni tí kò ní HND tàbí B.Sc. kúrò kí wọ́n tó ka ìlà kejì nínú ìwé rẹ̀, kò sì sí ìmúrasílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó lè yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n orí yìí wà fún ẹni tí wọ́n ti pè. Bí wọ́n bá sì ti pè ọ́, wọ́n ti ka ìwé rẹ. Wọ́n ti rí i pé o ò ní ọdún méjì, wọ́n ti rí i pé CompTIA A+ ò sí níbẹ̀, wọ́n sì tún ní kí o máa bọ̀. Ẹni tó pe ẹni tí kò ní gbogbo ohun tí òun béèrè ti fi ìṣe sọ pé àkọsílẹ̀ yẹn jẹ́ ìfẹ́ ọkàn, kì í ṣe gbèdéke. Nítorí náà, má wọlé lọ máa tọrọ àforíjì fún ohun tí wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó pè ọ́. Àkókò tí wàá fi tọrọ àforíjì yẹn, inú àkókò tí o yẹ kí o fi hàn wọ́n bí o ṣe ń ronú ló ti ń lọ.

Àlàfo ìmọ̀ pé oríṣi. Èyí tí wọ́n á fojú fò wà, èyí tí yóò lé ọ padà lẹ́nu ọ̀nà náà wà, ọgbọ́n ìmúrasílẹ̀ sì ni kí o mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìlànà tí mo fara mọ́ nìyí: bí ohun kan bá wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí nẹ́tíwọ̀kì tí ìwọ fúnra rẹ ń lò lójoojúmọ́, tí o kò sì lè ṣàlàyé rẹ̀, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ilé iṣẹ́ nìkan ń rà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń lò ní ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ. Ó yẹ kí o mọ ìyàtọ̀ láàárín RAM àti dísíìkì, kí o mọ ohun tó ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀ àti ibi tí Task Manager ti ń fi í hàn. Ó yẹ kí o mọ ohun tí àdírẹ́sì IP jẹ́, ohun tó ń pín in, èyí tí í ṣe DHCP, àti ohun tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà, èyí tí í ṣe DNS. Kí o mọ ohun tí router ń ṣe tí switch kì í ṣe. Kí o mọ̀ pé bí printer bá ń gba iṣẹ́ tí kò sì tẹ nǹkan kan jáde, ó tọ́ kí o wo Print Spooler, kí o dá a dúró, kí o pa iṣẹ́ tó há sínú rẹ̀ rẹ́, kí o tún un gbé dìde. Kí o mọ̀ pé Microsoft dá àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, àti pé Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tó wà lára kọ̀ǹpútà. Ọ́fíìsì tó ń lo kọ̀ǹpútà àtijọ́ pọ̀ lágbègbè wa, wọ́n sì lè fẹ́ gbọ́ ohun tí o máa sọ nípa rẹ̀. Ní ti Group Policy, ìṣètò Microsoft 365 fún igba òṣìṣẹ́, tàbí server tó wà lórí cloud, bí o bá mọ ohun tí wọ́n wà fún, ìyẹn tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìtọ́sọ́nà tó lẹ́sẹẹsẹ lè tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ IT Support tí Google gbé jáde lórí Coursera ní 2018. Lára apá tó ní ni ìbẹ̀rẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì, Windows àti Linux, ìṣàkóso ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, àti ààbò, ẹni tí owó rẹ̀ ò sì ká a lè kọ̀wé béèrè ìrànwọ́ owó. Apá mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí o fi ọwọ́ gidi mú bí ọjọ́ bá ti sún mọ́lé.

Mo fẹ́ kí a dúró lórí ìbéèrè kan pẹ́, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Wọ́n á ní: òṣìṣẹ́ kan pè ọ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì òun ò ṣiṣẹ́, kí lo máa ṣe? Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ á dáhùn pé àwọn á pa kọ̀ǹpútà náà, àwọn á tún un tàn, wọ́n á sì dákẹ́. Pípa á àti títàn án lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé o mọ ohun kan. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ kì í ṣí ẹ́ńjìnì kó tó béèrè ìgbà tí ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Béèrè bóyá òun nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí tàbí gbogbo ọ́fíìsì: bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn, kúrò nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, lọ sídìí router tàbí ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ òun nìkan, wo wáyà rẹ̀ àti iná kékeré tó yẹ kó máa ṣẹ́jú níbi tí wáyà náà ti wọlé. Lẹ́yìn náà, tẹ ipconfig. Bí àdírẹ́sì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà náà wá DHCP, kò rí i, ó sì fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Ìṣòro wà láàárín rẹ̀ àti ẹni tó ń pín àdírẹ́sì, ìyẹn wáyà, switch tàbí DHCP fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní àdírẹ́sì tó dára, bíi 192.168.1.23, ping router tó wà ní iwájú rẹ̀. Bí router bá dáhùn, ping 8.8.8.8, àdírẹ́sì kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìyẹn náà bá dáhùn, tí google.com kò sì dáhùn, DNS ni kí o fura sí. Bí gbogbo wọn bá dáhùn, wo bíráwúsà àti ìṣètò proxy. Nígbà tí ó bá padà ṣiṣẹ́, jẹ́ kí ẹni tó pè ọ́ ṣí ohun tó fẹ́ ṣí lójú rẹ, kí o tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí o ṣe sílẹ̀.

Kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìdáhùn yẹn. Ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un. Ohun tó gbé e ró ni pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gé apá kan ìṣòro náà kúrò, àti pé o lè sọ ìdí tí èyí fi ṣáájú tọ̀hún. CompTIA kọ́ èyí ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà: mọ ìṣòro náà, ro ohun tó lè fà á, dán ìrònú rẹ wò, ṣètò ohun tí o máa ṣe kí o sì ṣe é, rí i dájú pé gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fi mẹ́fà yìí sọ́kàn lè dáhùn ìbéèrè nípa ẹ̀rọ tí kò fojú rí rí. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa sọ́fítíwià tí báǹkì kan ń lò, tí o kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, o ṣì lè béèrè bóyá ẹnì kan ni àbí gbogbo èèyàn, ohun tó yí padà láti àná, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà kọ sójú. Ibẹ̀ ni àwọn tó jókòó síwájú rẹ yóò ti mọ̀ pé o lè ṣiṣẹ́ yìí.

Ohun kan wà tí ẹni tó dàgbà ní Gbọ̀ngán mọ̀ tí ẹ̀kọ́ òkè òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lé lórí, iná mànàmáná ni. Níbi tí iná IBEDC ti ń wá tó ń lọ, tí jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà ń gba ipò ara wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa kọ̀ǹpútà tí kò tàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iná: ṣé UPS ń gbé e, ṣé bátìrì UPS náà kò ti kú, ṣé iná kò gùn jù tàbí lọ sílẹ̀ jù kí ó tó kú? Kọ̀ǹpútà tí iná já mọ́ lójú nígbà tó ń kọ nǹkan sórí dísíìkì lè tàn padà kí fáìlì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé chkdsk ló ń yẹ dísíìkì wò, tí sfc /scannow sì ń yẹ fáìlì Windows wò, tó sì mọ̀ pé ó dára kí a kọ́kọ́ kó fáìlì ẹni náà síbi tó ní ààbò bí dísíìkì bá ti ń fi àmì ikú hàn, ó ní ohun gidi láti sọ. Sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá bi ọ́ nípa ìrírí. Ìmọ̀ tí agbègbè ẹni kọ́ni, ìmọ̀ ni.

Mo mọ̀ pé àtakò tó le jù ń bọ̀. Wọ́n á ní: bí mo bá sọ pé n kò mọ nǹkan kan, wọ́n á mú ẹlòmíì tó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó lè ṣẹlẹ̀ níbi tí àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kò mọ iṣẹ́ náà fúnra wọn. Níbi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti mọ̀ ọ́n, ìbéèrè kejì ló ń tú àṣírí. Ẹni tó ní òun mọ Active Directory á gbọ́ pé, ó dáa, òṣìṣẹ́ kan ti ti ara rẹ̀ mọ́ta, báwo lo ṣe máa ṣí i fún un? Bí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ kiri, gbogbo ohun tó ti sọ ṣáájú, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́, ti di ohun tí wọ́n ń ṣiyèméjì sí. Iṣẹ́ yìí sì ní ìdí tirẹ̀ tó fi yẹ kí wọ́n bẹ̀rù ẹni tí kì í sọ pé òun ò mọ̀. Ẹni tó bá ń méfò nídìí server ilé ìwòsàn lè pa àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní bí a ṣe ń sọ ọ́. Kí o kàn ní n kò mọ̀ kí o dákẹ́, ìyẹn ti ti ilẹ̀kùn. Gbọ́ irú èyí: “N kò tíì lo Active Directory níbi iṣẹ́, sà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń tọ́jú orúkọ àti password òṣìṣẹ́ sí, tí wọ́n sì ti ń pinnu ohun tí oníkálukú lè fọwọ́ kàn. Mo gbé Windows Server sórí VirtualBox nílé, mo dá orúkọ márùn-ún sínú rẹ̀, mo sì ti ṣí èyí tó tì, mo ti yí password padà. Group Policy ni n kò tíì débẹ̀.” Ìdáhùn yìí fa ìlà sí ibi tí ìmọ̀ parí, ó sì fi hàn pé ẹni náà ti ń rìn lọ síwájú kí wọ́n tó pè é. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ o. Má sọ pé o gbé e sórí VirtualBox bí o kò bá gbé e.

Báwo ni ẹni tí kò ní owó, tí dátà wọ́n fún, yóò ṣe ṣe gbogbo èyí? Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. VirtualBox, tó ń jẹ́ kí a gbé kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà ẹni, àti Packet Tracer ti Cisco, tí a fi ń dán nẹ́tíwọ̀kì wò, jẹ́ ọ̀fẹ́, Microsoft sì ń jẹ́ kí èèyàn fi Windows Server dánwò fún 180 ọjọ́. Ohun tó ń náni lówó ni gbígbà wọ́n wọlé, torí fáìlì Windows Server tóbi. Ẹ pa owó pọ̀, ẹni méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹnì kan gbà á wọlé, kí àwọn yòókù fi fláàṣì gbé e. Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò tó 8GB yóò jìyà lábẹ́ VirtualBox, ṣùgbọ́n Packet Tracer kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà lè lọ bá ẹni tó ní ilé CBT tàbí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìkirè tàbí Gbọ̀ngán, kó sọ pé òun fẹ́ máa bá wọn gbá ilẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, fa wáyà, di RJ45, kó sì máa wo ohun tí ọ̀gá ń ṣe. Àkókò ìforúkọsílẹ̀ UTME ni ọwọ́ wọn máa ń dí jù, ìgbà yẹn ni ìrànlọ́wọ́ máa ń wúlò fún wọn jù pẹ̀lú.

Níbẹ̀ ni kí o ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Gbogbo àbùkù tí o bá bá pàdé, kọ ọjọ́, ohun tí wọ́n ráhùn lé lórí, ohun tí o kọ́kọ́ rò, ohun tí o dánwò, ohun tó jẹ́ ní òpin, àti ìgbà tí o gbé e fún ọ̀gá bí ó bá kọjá agbára rẹ. Printer aládùúgbò tí kò tẹ̀wé wà níbẹ̀, laptop àbúrò rẹ tó ń gbóná wà níbẹ̀, fóònù bàbá tó kún tí kò gba WhatsApp mọ́ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí o bá ti ní ogójì irú rẹ̀, o ti ní ohun tí ẹni tó kàn ní ìwé ẹ̀rí kò ní, ìyẹn àpẹẹrẹ gidi fún ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “sọ fún wa nípa ìgbà kan tí…”. Èyí ló tún ń dáhùn ọ̀rọ̀ ìrírí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ti bá èèyàn forúkọ sílẹ̀ fún JAMB àti NIN nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọdún kan kì í kọ ọ́ sínú CV wọn, wọ́n ní iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù lásán ni. Iṣẹ́ ni. Kọ iye kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀, kọ ohun tí o máa ń tún ṣe nídìí wọn, kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí láìfi orúkọ ńlá bò ó.

Apá kan wà tí àwọn tó kúndùn ẹ̀rọ máa ń fojú tín-ín-rín, bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ń pè ọ́ ti ń bínú kó tó pè, ó lè jẹ́ àgbà, ó lè má mọ orúkọ ohun tó ń wò. Àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lè ní kí o ṣàlàyé DNS fún ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi béèrè, ṣùgbọ́n Yorùbá ni kí o kọ́kọ́ fi dánwò nílé. Bí o bá lè jẹ́ kó yé ìyá rẹ láìlo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kankan, ó yé ọ nìyẹn. Bí kò bá yé wọn, há ni o há a sórí. Kọ́ bí a ṣe ń béèrè láìfi ẹni ṣe yẹ̀yẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, iná kékeré wo ló ń tàn lára àpótí yẹn báyìí?” sàn ju “ṣé ẹ ti tàn án?” lọ. Àti pé má béèrè password ẹnikẹ́ni láéláé, má sì yí i padà fún ẹni tó pè lórí fóònù láìjẹ́ pé o ti mọ̀ dájú pé òun ni. Bí wọ́n bá fi ìbéèrè dẹ ọ́ pé ọ̀gá àgbà ló ń pè tó ń kánjú, ìdáhùn náà kò yí padà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà wà láti 2023, báǹkì àti ilé ìwòsàn kò sì ní fẹ́ ẹni tí yóò kó wọn sí wàhálà rẹ̀.

Àwọn kan á ní gbogbo àlàyé yìí ò wúlò, pé ẹni tó ní èèyàn lókè ni wọ́n máa mú. N kò ní purọ́ fún ọ pé kì í ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní èèyàn lókè kò lè dá kọ̀ǹpútà ogún sípò láàárọ̀ ìdánwò bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi wà lára èyí tí àìmọ̀ọ́ṣe ti ń tètè hàn, tí àyè sì tún ń ṣí sílẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀rọ bíi ChatGPT yóò gba iṣẹ́ náà. Ó lè sọ ìgbésẹ̀ ipconfig fún ọ, lò ó láti fi kọ́ ẹ̀kọ́. Kò lè fa wáyà tó já lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yọ, kò sì lè fi Yorùbá tu akọ̀wé tó ń sunkún nítorí fáìlì rẹ̀ nínú.

Ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù, má ṣí ohun tuntun. Ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, mú àpẹẹrẹ márùn-ún nínú rẹ̀, sọ wọ́n sókè ní Gẹ̀ẹ́sì títí ẹnu rẹ yóò fi mọ̀ wọ́n. Wá ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń ṣe àti iye ẹ̀ka tó ní, kí o lè bi wọ́n ní ìbéèrè tìrẹ: àbùkù wo ló ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín, ta ni mo máa bá bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára mi, báwo lẹ ṣe ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀? Láti Gbọ̀ngán sí Ìbàdàn, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ lè mú èèyàn pẹ́, nítorí náà tètè jáde. Nígbà tí o bá wọ ọkọ̀ padà, mú bírò, kí o kọ gbogbo ìbéèrè tí o kò lè dáhùn sílẹ̀ kí o tó dé Aṣéjíre, torí bí ilẹ̀ bá ti ṣú wọ́n á ti kúrò lórí. Yálà wọ́n gbà ọ́ tàbí wọn ò gbà ọ́, àwọn ìbéèrè yẹn ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.